Ojú Ẹkún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Tẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Ọ̀wàrà 2025

Mi ò mọ̀wé. Fọlákẹ́, ìyàwó Abraham ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí. Tíṣà ni, ó sì ní sùúrù. Mo ń sọ Ìkálẹ̀, ó ń yí i sí Yorùbá ilé ìwé. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún un, màá mọ̀, nítorí màá ní kó kà á fún mi.

Ohun tó fà á rèé. Ọmọbìnrin kan dé láti yunifásítì, Moyọ̀sọ́lá lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣe nǹkan kan sínú fóònù, áàpù ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á fi ya fọ́tò èso kòkó tó ń ṣàìsàn, áàpù á sì fi ohùn sọ àrùn tó mú un àti oògùn tó yẹ kí a fín sí i. Kò tà á fún wa. Ó kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára wa tí a bá ń lò ó. Bó ṣe ń rí lára! Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń lo àdá, kò sẹ́ni tó bi mí bó ṣe ń rí lára mi.

Obìnrin mẹ́tàlélógún ló fún ní fóònù ní Òdìgbó níbí. Ó fún wa ní ìwé pẹ̀lú, kí a máa sọ ohun tí a bá fi fóònù ṣe lójoojúmọ́, kí ẹni tó mọ̀wé máa bá wa kọ ọ́. Ìwé yẹn wà. Ìwé àlejò ni mo pè é. Èyí jẹ́ tèmi, Fọlákẹ́ rà á ní Ọ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò kà á.

Mo fẹ́ kí áàpù náà ṣiṣẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá, àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta oko mi.

Ọmọ Ìbéèrè ni màá máa pe ọmọ náà. Láàárín wákàtí kan, ó bi mí ní ìbéèrè tí ọkọ mi ò bi mí títí tó fi kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Ọ̀wàrà

Fóònù kò gbọ́ àtàǹpàkò mi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí. Ẹgẹ́ tí mo ń bó láti kékeré ti sọ ìka mi di èèpo igi. Fọlákẹ́ kàn fi ìka tirẹ̀ kàn án báyìí — ó ṣí. Inú bí mi, mo fi imú tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí!

Imú ni mo ń lò báyìí.

Nínú ìwé àlejò, mo ní kí Fọlákẹ́ kọ: “Ó dára.”

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Ọ̀wàrà

Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú rẹ̀. “Ya fọ́tò. Dúró. Sún mọ́ ọn.” Ta ló ń bá wí bẹ́ẹ̀? Kò sí “ẹ jọ̀ọ́”, kò sí “ẹ kú iṣẹ́”. Mo ti sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni. Mo bi Abraham bóyá ẹni tó wà nínú fóònù mọ ọjọ́ orí mi. Ó ní kò lè mọ̀ ọ́n. Mo ní kó béèrè nígbà náà.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Ọ̀wàrà

Inú ilé àdúrà wa ni Ọmọ Ìbéèrè ti pè wá jọ. Wòlíì Elisha gbà á láàyè. Gbogbo wa bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun náà bọ́ tirẹ̀. Ó kun èékánná ẹsẹ̀. Mo rí i.

Lọ́kọ̀ọ̀kan ni a ń wọlé tọ̀ ọ́ láti lo fóònù níṣojú rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá parí, ojú márùn-ún á yọ lórí fóònù: ọ̀kan ń sunkún tomijé-tomijé, ọ̀kan fajú ro, ọ̀kan dákẹ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. Ó ní kí a tẹ èyí tó bá jọ bó ṣe rí lára wa.

Gbogbo wa la tẹ eléyín níta. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Hannah tí ilé wa kọjú síra — Ẹnu Oyin ni mo ń pè é, kò sọ òótọ́ tó korò fún àlejò rí — fóònù kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó jí, ó tẹ ẹ̀rín.

Inú Ọmọ Ìbéèrè dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Èmi náà tẹ ẹ̀rín. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Fọlákẹ́. Èmi tí mo sọ fún Wòlíì lójú ara rẹ̀ pé ìwàásù rẹ̀ gùn ju ààwẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Ọ̀wàrà

Kí ló dé tí mo tẹ ẹ̀rín? Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ mímọ́. Bóyá ìdí nìyẹn. Mi ò fẹ́ràn ìdí náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Ọ̀wàrà

Ọmọ Ìbéèrè tún mú ọgbọ́n mìíràn wá. Ó ní bí a bá ti ń lo fóònù, kí a máa sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wa jáde, kí òun lè gbà á sílẹ̀. Ó ní ohunkóhun tó bá wá sí wa lẹ́nu ló tọ̀nà.

Obìnrin tó dá jókòó tó ń sọ̀rọ̀ — yálà orí rẹ̀ ti dà rú tàbí ó ń gbàdúrà. Orí àwọn obìnrin wa pé. Nítorí náà, àdúrà ni wọ́n gbà.

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ Hannah: “Baba, ìwọ tó la Òkun Pupa, la fóònù yìí fún mi! Má jẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́! Ẹ̀mí Mímọ́, fọ̀nà hàn mí, níbo ni kí n tẹ̀?” Ọmọ Ìbéèrè ní, “Ẹ ṣeun, Màmá, ẹ máa sọ ọ́ lọ.” Hannah gbóhùn sókè sí i. Ẹni tó tẹ̀ lé e kọrin. Nígbà tí yóò fi kan ẹnì karùn-ún, Ọmọ Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ti ń ṣe “Àmín”.

Mi ò tíì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ jẹ fìlà bàbá Abraham. Mo di ògiri mú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá létí á gbọ́ pé ẹ̀sùn ni àdúrà yẹn. Ó ń sọ ibi tó ti ń dùn ún. Ọmọ Ìbéèrè ò tíì gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Ọ̀wàrà

Ọmọ Ìbéèrè wá pẹ̀lú ojú wíwú. Dókítà tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló pè é. Ọ̀gá Fóònù ni mo pè é, nítorí inú fóònù nìkan la ti mọ̀ ọ́n. Ìta ilé mi ni ọmọ náà wà tó fi pè é, ohùn rẹ̀ ròkè, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Moyọ̀sọ́lá, ẹni mẹ́tàlélógún, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín? Ìwé tí wọ́n kọ ńkọ́? ‘Ó dára, ó dára, ó dára.’ Kíkí ni wọ́n ń kí ẹ. O ò tíì ṣe ìwádìí kankan.”

Ó ní òun á wá fúnra òun ní ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìyìn náà ni òun bá, wọn á gbé iṣẹ́ náà kúrò ní Òdìgbó, Moyọ̀sọ́lá á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo níbòmíràn. Ọdún kẹta rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà nìyí. Áàpù á sì jáde bó ṣe wà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ibi tó ti ń ni wá lára.

Kò sunkún níwájú mi. Ó jókòó ti ẹgẹ́ tí mo ń bó, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Kò mọ̀ ọ́n bó.

Mo ní, “Ò ń gé ẹgẹ́ mọ́ èèpo.”

“Ẹ ṣeun, Màmá.”

“Má dúpẹ́. Bó o dáadáa.”

Ó mú ẹgẹ́ mìíràn, ó ní, “Màmá, ẹ dákun, ṣé ó dára lóòótọ́?”

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní, “Imú ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.”

Ó wo imú mi. Ó tún un wò. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A fi ẹgẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo lọ bá Hannah. Mo ní, “Ẹnu Oyin, fóònù kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?”

Ó ní, “Ìyá Abraham, ṣé kí n fọwọ́ ara mi tẹ ẹkún lé ara mi lórí ni? Nínú ilé àdúrà? Ọmọ yẹn ní kí n mú èyí tó jọ mí. Ẹkún ò jọ mí! Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù.”

Mo yà ní ilé mẹ́fà sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀kan ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lòun fi lé ẹkún kúrò nílé òun, ṣé kí òun tún wá fi àtàǹpàkò pè é padà? Òmíràn ní àlejò ni ọmọ náà, ta ní í sọ fún àlejò pé ẹrù orí rẹ̀ ti rà?

Mo sọ ọ́ fún Ọmọ Ìbéèrè. Ó kọ ojú ìwé mẹ́rin láìgbórí sókè.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo mú un lọ sí oko mi ní ọ̀nà Ajue. Mo ní kó wá wo ibi tí kòkó ń gbé. Òjò. Àdá lọ́wọ́ kan, èso kòkó lọ́wọ́ kejì — ọwọ́ wo ló kù fún fóònù? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Nǹkan róbótó kan ń yí lójú fóònù, ó ń yí, ó ń yí. Ọ̀gbẹ́ni ò sọ̀rọ̀. A dúró títí omi fi wọ bàtà wa.

Ó ní orí tábìlì ni àwọn ti dán an wò nílé ìwé. Mo ní, “Kòkó kì í so lórí tábìlì.”

Ó yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó síbẹ̀, ó ń kọ̀wé. Ó ní ọjọ́ tó dára jù nínú iṣẹ́ òun nìyí. Àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Ọ̀wàrà

Oòrùn ràn. A tẹ́ kòkó mi sórí tapólì, Hannah àti àwọn mẹ́rin wá bá mi ṣa á. Ẹnu Oyin jókòó, ó bẹ̀rẹ̀: “Èyí ti bu. Èyí ò gbó. Èyí, kòkòrò ti lu ú. Ìyá Abraham, irú kòkó wo lo ń sá yìí?” Ó ń jù wọ́n nù, wàì, wàì. Nínú ilé mi! Lójú mi!

Mo wò ó. Obìnrin tí kò lè sọ pé ọbẹ̀ àlejò níyọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nídìí kòkó ṣíṣà, kò sí ẹni tó ń yin hóró tó bu. Gbogbo wa mọ̀ pé bí o bá fi ọ̀kan sílẹ̀, á ba àpò jẹ́. Ìwà ìkà kọ́. Iṣẹ́ ni.

Mo dìde bí ọmọdé. Mo ránṣẹ́ pe Ọmọ Ìbéèrè.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Ọ̀wàrà

Òní dùn. Kọ ọ́ gbàdàgbàdà.

A kò lọ sí ilé àdúrà. Àgbàlá mi ni. Ọmọ Ìbéèrè to igbá mẹ́rin sílẹ̀: ti ṣíṣí fóònù, ti yíya fọ́tò, ti dídúró de ìdáhùn, ti gbígbọ́ ohùn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lo fóònù tán, a fún un ní hóró kòkó tó dára àti èyí tó bu, kó ju ọ̀kan sínú igbá kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo sọ fún wọn: “Ẹ má sọ bí ẹ ṣe rí. Ẹ ṣa iṣẹ́ fóònù.”

Wọ́n ṣa á! Igbá ṣíṣí — hóró mọ́kàndínlógún tó bu. Igbá fọ́tò, èyí tó dára ló pọ̀ jù. Igbá dídúró — mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ló bu, igbá náà ń rùn. Nígbà tó kan igbá ohùn, Hannah na ọwọ́: “Ẹ fún mi ní méjì sí i. Ọmọkùnrin yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.” Gbogbo àgbàlá hó.

Ọmọ Ìbéèrè ń ka hóró bíbu bí ẹni tó ń ka wúrà. Ó wá gbé àdúrà tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́sí jáde, ó ní òun ti tún un gbọ́, gbogbo “Baba, ṣí i” bọ́ sí ibi tí hóró bíbu pọ̀ sí. Ó ti létí báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Ọ̀wàrà

Ọ̀gá Fóònù ní kí wọ́n tún ohun tí wọ́n lè tún ṣe nínú áàpù. Ṣùgbọ́n kò fọkàn tán hóró. Ó ní tí òun bá dé, òun á fi ẹnu ara òun bi àwọn obìnrin náà, láìsí igbá kankan. Bí wọ́n bá tún ń kí òun, ó parí.

Ọkùnrin láti yunifásítì, tí yóò wọ bàtà dídán. Wọn á kí i. Wọn á kí i pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo ti ro ó. Àlejò ni kì í gbọ́ òótọ́. Ọmọ ilé ń gbọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ní kí Ọmọ Ìbéèrè kẹ́rù kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì Ọ̀rẹ̀, kó lọ máa gbé ọ̀dọ̀ Hannah.

Mo ní, “Má jókòó lórí àga. Pọnmi. Gbálẹ̀. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, sáré.”

Ó ní, “Màmá, ṣé ọ̀nà ìwádìí nìyẹn?”

Mo ní tiwa nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Ọ̀wàrà

Láti ilé mi ni mo ti gbọ́ ohùn Hannah ní àárọ̀ yìí: “Moyọ̀sọ́lá! Ta ló kọ́ ọ lọ́bẹ̀? Ṣé omi òkun lo bù sí i ni?”

Ó ń lọ dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Bélú

Áàpù tuntun dé. Ọ̀gbẹ́ni ti lọ. Ohùn obìnrin ló wà níbẹ̀ báyìí, “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá” ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì rẹ̀ tóbi tó kọ́bọ̀ àtijọ́, ó ń gbọ́ àtàǹpàkò. Ó ń ṣiṣẹ́ lóko láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo ti dán an wò. Mo mọ̀ pé àléébù kan ṣì kù níbì kan. Kò sóko tí kò ní igbó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí yóò wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Bélú

Hannah ti fọ aṣọ funfun rẹ̀ fún àlejò ọ̀la. Aṣọ tó fi ń kí àlejò nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Bélú

Ọ̀gá Fóònù dé láago mẹ́wàá. Ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ, ọkùnrin kúkúrú ni. Bàtà rẹ̀ ń dán, mo ti wí bẹ́ẹ̀. Ó kí wa dáadáa. Ó jókòó sórí àga ní àgbàlá mi, àwọn obìnrin wà lórí ẹní, Ọmọ Ìbéèrè dúró lẹ́bàá ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ara rẹ̀ mú.

Ọ̀gá wo gbogbo wa. Nínú ẹni mẹ́tàlélógún, Hannah ló tọ́ka sí. Hannah! Mo di ojú.

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ ṣe rí áàpù tuntun yìí?”

Hannah dìde. Ó kúnlẹ̀. Ó tún dìde. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kú wàhálà wa. Olúwa yóò gbé yín ga, ẹ ò ní rin àrìnfẹsẹ̀sí, ilé yín ò ní dàrú, iṣẹ́ ọwọ́ yín á máa gbèrú.” Gbogbo wa ní “Àmín”. Ọ̀gá náà ní “Àmín”, ó sì ti ń dé ìdérí bírò rẹ̀ padà. Mo rí Ọmọ Ìbéèrè tó ń wolẹ̀.

Hannah ní, “Ṣùgbọ́n áàpù yín ò dára.”

Ọ̀gá tún ṣí ìdérí bírò rẹ̀.

“Ó ní kí n wọn mílílítà àádọ́ta oògùn sínú omi. Mílílítà! Ta ló gbé mílílítà lọ sóko? Ìdérí ìgò la fi ń wọn oògùn níbí. Mo bi fóònù pé ìdérí mélòó, ó tún ní mílílítà. Ẹni tó bá fojú wọ̀n ọ́n lásán á jó kòkó rẹ̀ gbẹ. Ẹ wá tún un ṣe.”

Ọ̀gá ní, “Màmá, ta ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?”

Hannah wò ó bí ẹni tó bi í bóyá omi ń tutù. “Ta ni yóò ní kí n sọ ọ́? Ṣé kí n máa wo ọmọ mi níran kó gbé ohun tó bu lọ sọ́jà ni?”

Ọmọ Ìbéèrè ké “Halelúyà!” Ó fò mọ́ Hannah, ó fò mọ́ mi, ó fò mọ́ Fọlákẹ́. Wọ́n sọ fún un pé ohun tó fi ọdún mẹ́ta ṣe kò dára, ó ń jó. Àwọn obìnrin ò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n bá a jó.

Hannah ní, “Kí ló ń ṣe ọ́? Lọ bu omi fún ọ̀gá rẹ!” Ó sáré lọ.

Ọ̀gá Fóònù rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Moyọ̀sọ́lá, iṣẹ́ yìí kò kúrò ní Òdìgbó mọ́.” Ó bọ́ bàtà dídán rẹ̀, ó kúrò lórí àga, ó jókòó sórí ẹní láàárín wa, ó ṣí ojú ìwé tuntun. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, kí ló tún kù tí kò dára?”

Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí oòrùn yóò fi wọ̀, bírò rẹ̀ ti tán, ó ti yá ti Fọlákẹ́, wọn ò sì tíì sọ dé ìdajì.